Mítà kọ 1620, ara kapásítọ̀ kọ 2.5: ṣé ó ti pọ̀ jù ni?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ rinwáyà, ìyẹn títún wáyà inú fáànù àti mọ́tò wé, ni mo ń kọ́, mi ò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ níbẹ̀. Wọ́n gbé fáànù àjà kan fún mi, ó ń yí o, ṣùgbọ́n ó ń yí bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kódà tá a bá gbé e sí 5. Mo tú kapásítọ̀ ẹ̀, ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́, 2.5µF 450V ló wà lára ẹ̀, mo fi mítà wọ̀n ọ́n, mítà kọ 1620nF. Ṣé ó ti wá pọ̀ jù ni àbí mítà mi ló ń purọ́? Mo lọ ra òmíràn lọ́jà, 2.5MFD ni wọ́n kọ sára tuntun yìí, kì í ṣe µF, ẹ̀rù ń bà mí láti fi síbẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, o káre tó o bèèrè kó o tó fi síbẹ̀. Mítà ẹ ò purọ́ rárá. Kapásítọ̀ yẹn náà ò pọ̀ jù, ńṣe ló ti gbẹ. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé nọ́ńbà nìkan lo wò, o ò wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Tó o bá mu mínírà 50cl, tí ọ̀rẹ́ ẹ gbé lítà 1 dání, ṣé wàá ní tìẹ pọ̀ ju tiẹ̀ lọ tórí pé 50 ju 1 lọ ni?

Farad ni wọ́n fi ń wọn kapásítọ̀, látara orúkọ Michael Faraday, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ni wọ́n ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n Farad 1 ti tóbi jù fún irú iṣẹ́ tiwa yìí, o lè ṣe rinwáyà títí irun ẹ á fi funfun kó o má fọwọ́ kan èyí tó tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e sí wẹ́wẹ́: 1F jẹ́ 1,000,000µF (máíkírò-Farad), 1µF jẹ́ 1,000nF (náánò-Farad), 1nF sì jẹ́ 1,000pF (píkò-Farad). Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti µF sí nF, sún póìǹtì lẹ́ẹ̀mẹta sápá ọ̀tún, tó o bá ń gòkè padà, sún un lẹ́ẹ̀mẹta sápá òsì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ká fi tìẹ ṣe é. 2.5µF di 2500nF. Èyí tí mítà kọ, 1620nF, di 1.62µF. Ó ti sọ 880nF nù nínú 2500, ìyẹn lé ní 35%. Èyí tí wọ́n bá kọ ±5% sí lára, ìyẹn pé ó lè fi 5% dín tàbí kó fi lé, àárín 2375 sí 2625nF ló yẹ kó wà, kí ni 1620 wá ń wá níbẹ̀? Kapásítọ̀ yẹn ló ń ta kọ́ọ̀lù kejì inú fáànù jí kó lè lágbára yí, tó bá ti gbẹ báyìí, fáànù á kàn máa yí bí ẹni tó gbààwẹ̀ ni.

Ní ti MFD, fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ µF látijọ́ nìyẹn, àwọn kan ò tíì fi sílẹ̀. 2.5MFD àti 2.5µF, ọ̀kan náà ni. Èyí tó yẹ kó o ṣọ́ra fún ni mF tí àwọn mítà kan máa ń kọ, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, 1mF jẹ́ 1000µF. Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́, mo tú 4700µF lára ẹ̀rọ amúlọ́hùnròkè kan, mítà ọ̀gá mi kọ 4.70mF, mo ní ha, ó ti kú, mo jù ú sínú pàǹtí. Ọ̀gá ò bá mi jà, ó kàn ní kí n lọ tú pàǹtí yẹn títí mo fi rí i.

Lọ́jọ́ kan wàá bá àwọn kékeré pẹlẹbẹ lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn kọ 104 sí, má pè é ní 104µF o, ọ̀pọ̀ ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lo máa kọ, ẹ̀kẹta ni iye òdo tó o máa fi tì í, pF sì ni gbogbo ẹ̀: 10, òdo mẹ́rin, 100,000pF, ìyẹn 100nF tàbí 0.1µF. 472 á jẹ́ 4700pF, òun kan náà ni wọ́n máa ń kọ bíi 4n7 nígbà mìíràn.

V, ìyẹn fọ́ltì iná tó lè gbà, ò sí nínú ìṣirò yìí. 450V ló wà lára ti tẹ́lẹ̀, má fi èyí tó kéré sí i síbẹ̀. Má sì fi èyí tó ní ẹ̀gbẹ́ plọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì tó o tú lára rédíò síbẹ̀ láé, kódà kí µF wọn bára mu, iná NEPA á mú un gbóná, ó lè bú gbàù. Àwọn kan máa ń fi 3.5 síbẹ̀ pé kí fáànù lè sáré, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀lù lè máa gbóná jù, tó bá jó, ta ló máa sanwó ẹ̀? Tí o ò bá rí 2.5 lọ́jà, so 1.5 àti 1 pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, wọ́n á ròpọ̀ di 2.5.

Pa iná kó o tó fọwọ́ kàn án, fi résítọ̀, ohun tó máa ń dín iná kù, kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ méjèèjì kí iná tó kù nínú ẹ̀ tú dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè ta ẹ́ tàbí kó ba mítà jẹ́. Fi tuntun yẹn síbẹ̀. Tó bá ṣì ń yí bí ẹni tó rẹ̀, pa iná, kó o wá fọwọ́ yí abẹ́bẹ̀ ẹ̀, tó bá le tàbí tó ń ha, béárìn ni kó o lọ wò.