Ṣé wọ́n ń ta dópámìnì ní kẹ́mísíìtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí nítòsí Ọjà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ò gbé fóònù sílẹ̀ mọ́, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń ta lórí ẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo bá a wí, ó ní ẹjọ́ òun kọ́, dópámìnì ni, pé òun á gbààwẹ̀ ẹ̀. Ṣé àrùn ni àbí oògùn?

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà. Èròjà kan ni tí ọpọlọ ń fúnra ẹ̀ ṣe látinú tyrosine tó wà nínú ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tí à ń jẹ, òun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń pè é ní èròjà ìgbádùn, àmọ́ ìgbádùn gan-an kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀, ìfẹ́ àtirí nǹkan gbà ni. Wolfram Schultz, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ọmọ Jámánì, fi ọ̀bọ dán an wò: tí omi èso bá dé lójijì, sẹ́ẹ̀lì dópámìnì á ta gìrì, ìgbà tí ọ̀bọ wá mọ̀ pé tí iná bá ti tàn omi èso ń bọ̀, iná yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ń ta gìrì sí, omi èso dé, kò tiẹ̀ ka á sí mọ́. Ẹ wo ojú àbúrò yín nígbà tó bá ku góòlù kan kí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wọlé, tó ti dìde dúró, tí kò gbọ́ pé ẹ̀ ń pè é. Ibẹ̀ ni tẹ́tẹ́ ti mú un, kì í ṣe nínú owó.

Ààwẹ̀ dópámìnì? Kò ṣeé gbà, òun la fi ń rìn! Tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é bá ń kú, àrùn Parkinson ló ń dà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le. Lọ́dún 1957 ní Sweden, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Arvid Carlsson, fún àwọn ehoro ní reserpine, oògùn tó ń gbẹ dópámìnì nínú ọpọlọ, wọ́n rọ wọ̀ọ̀, wọn ò lè rìn, ó fún wọn ní L-dopa tí ọpọlọ ń sọ di dópámìnì, wọ́n dìde. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000. Reserpine yẹn wà nínú aṣofẹ́yẹjẹ tiwa, L-dopa sì wà nínú èso wèrèpè (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sè é o).

Ti kẹ́mísíìtì, dópámìnì wà ní ọsibítù lóòótọ́, àwọn tí ìfúnpá wọn já wálẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí lára, kì í wọnú ọpọlọ.

Tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó gbààwẹ̀ tẹ́tẹ́, kó yọ app yẹn kúrò, kó kó káàdì ATM ẹ̀ fún yín. Tó bá wá di pé ó ń fọwọ́ kan owó oníbàárà yín, ẹ mú un lọ rí dókítà.