Èsì: Ṣé kí owó wà nínú káàdì ìkíni ni àbí lọ́tọ̀?

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi owó sínú káàdì ìkíni orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín lókè òkun, tàbí kí ẹ fi owó náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Lójú tèmi, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ímeèlì tó bá ń sọ pé "ẹnì kan fi káàdì ránṣẹ́ sí ọ, tẹ ibí" ti lórúkọ burúkú tipẹ́. Lọ́dún 2007, irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀daràn fi tan kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Storm kálẹ̀. Títí dòní, inú spam (àpótí tí ímeèlì tí kò ṣeé fọkàn tán máa ń bọ́ sí) ni òmíràn ń já sí, ẹni tó bá sì lajú lè pa á rẹ́ láìṣí i wò. Tí owó bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín, kí ẹ sọ fún un pé káàdì ń bọ̀ àti ibi tí yóò ti wá.

Ní ti owó, ẹ fi í ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì rẹ̀. Gift card (káàdì tí a ti sanwó sí, tó ní kóòdù tí ẹni tí a fún máa fi ra nǹkan) wuyì lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún: ti Apple tí ẹ rà ní orílẹ̀-èdè kan kì í ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Kóòdù rẹ̀ náà, owó ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa ná an (ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé gbogbo nǹkan sí status, ẹ jọ̀ọ́ o).

Káàdì ọ̀fẹ́ ti tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ ni yóò kà.