Màmá Tó Ń Yan Ẹja Ń Mí Gúlegúle: Ṣé Àyẹ̀wò Kan Kò Tó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń yan ẹja tà lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ní báyìí, kí wọ́n rìn láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti máa mí gúlegúle. Ọsibítù kọ àyẹ̀wò mẹ́ta fún wọn: ECG àti echo fún ọkàn, spirometry fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣé ọ̀kan kò tó ni? Ẹ̀rù iná tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì máa so mọ́ wọn láyà ń bà wọ́n.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí màmá. ECG kì í gbé iná wọ ara ẹnikẹ́ni. Ọkàn fúnra rẹ̀ ló ní iná tín-ín-rín tó fi ń lù. Òun ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́, tó ń yà sórí pépà. Ohun mẹ́wàá la máa lẹ̀ mọ́ wọn lára, mẹ́fà láyà, mẹ́rin lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa parí. Kí wọ́n má fi òrí tàbí ìpara pa àyà láàárọ̀ ọjọ́ náà o, kò ní lẹ̀. (Àwọn ìyá wa kì í gbọ́ èyí. Wọ́n á dé, àyà á máa dán bí ẹja tuntun.)

ECG kò lè sọ bí agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ṣe tó. Echo ló ń sọ ìyẹn. Irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú aláboyún ni. Kò gba ààwẹ̀.

Spirometry ni iṣẹ́ wà, torí màmá fúnra wọn ló máa ṣe é. Wọ́n á fa èémí kún inú, wọ́n á di ètè mọ́ ọ̀pá, wọ́n á wá fẹ́ ẹ jáde tagbáratagbára títí kò fi ní sí mọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Bí èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ kò bá tó ìdá 70 nínú 100 gbogbo èémí náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fa òògùn tó ń la ọ̀nà èémí, ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀fóró ti há nìyẹn. Èéfín ààrò ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń fà á, bíi ti sìgá. Ẹni tó bá fi ìtìjú rọra fẹ́ ẹ ń ná owó lásán. Kí wọ́n má jẹun yó, kí wọ́n má sì fún ìró mọ́ ikùn.

Lálẹ́, ẹ wò ó: ṣé ìrọ̀rí méjì mẹ́ta ni wọ́n ń kó sábẹ́ orí kí wọ́n tó lè sùn, tí ẹsẹ̀ sì ń wú? Ọkàn ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún TB (ikọ́ ẹ̀gbẹ). Ọ̀fẹ́ ni lọ́sibítù ìjọba. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, òògùn fífà wà, àmọ́ bí wọ́n bá ṣì jókòó ti èéfín, agbọ̀n la fi ń pọn omi. Ẹ bá wọn gbé ààrò síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe echo kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ó lè jẹ́ LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba Èkó ní Ìkẹjà, ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ. Àmọ́ bí ètè wọn bá dúdú, tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí wọn kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.