Èsì: Ibo ni ká ti jẹ àmàlà n'Íbàdàn?

Ẹ kú ìmúra ìrìn. Bódìjà ni kí ẹ gbà lọ, sí Amala Skye. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ráyè jẹ kí ẹ tó padà s'Ékòó, bí ẹ ṣe wí, ẹ má fi jẹ ìrẹsì.

Àmọ́ ẹ tètè débẹ̀, kí aago méjìlá tó lù. Lọ́sàn-án, èrò á ti pọ̀, màmá yín tí ẹ ní orúnkún ń dùn kò sì gbọdọ̀ dúró pẹ́ lórí ìlà.

Tó bá kàn yín, ẹ kọ́kọ́ sọ iye àmàlà tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e. Àbùlà gan-an nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n rọra bu ọbẹ̀ ata sí ti màmá. Ní ti ẹran, ògúnfe lèmi máa ń mú. Ó rọ̀, ó sì ń ta sánsán. Ṣàkì náà dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di gbẹ̀gìrì lọ sílé. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń sè é, ó máa ń tètè kan, pàápàá nínú ooru ọkọ̀. Èlùbọ́ ni kí ẹ rà lọ́jà Bódìjà. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó sanwó: kó gbẹ dáadáa, kó má rùn.