Ṣé mo lè gé aṣọ màmá mi tó ti kú fi rán kúbùsù?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum Alfa wa. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí màmá mi kú, aṣọ wọn ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Mo rí i táwọn èèyàn ń gé aṣọ ẹni wọn tó kú ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á rán an pọ̀ di kúbùsù alábùlẹ̀, ó wá ń wu èmi náà kí n ṣe é kí n máa fi bora. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní bídíà (àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn) ni, pé ó tiẹ̀ sún mọ́ ìbọ̀rìṣà, ká kó gbogbo ẹ̀ ṣe sàárà. Bàbá wa ti kú ṣáájú. Ọkùnrin méjì obìnrin méjì la jẹ́, àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, ìyá tó bí màmá náà ṣì wà láyé. Ṣé mo lè ṣe é, ṣé mo sì lè kírun lórí ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salaam. Ọlọ́hun á forí jin màmá.

Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, kúbùsù ò di òrìṣà. Bídíà tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, inú ìjọsìn ló wà, ẹni tó jókòó ti abẹ́rẹ́ àti òwú ò sọ pé ìjọsìn lòun ń ṣe. Ẹlòmíì á ní ṣebí Ànábì ní ẹni tó bá ń gbá ara ẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ tó ń fa aṣọ ya nítorí òkú kì í ṣe ara wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ń bá kádàrá jà ni, aṣọ ọrùn ara ẹ̀ ló sì ń fà ya, ẹ̀yin ń fi rúlà wọn aṣọ kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ jọ̀ọ́ kí ló pa méjèèjì pọ̀? Nílé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gan-an, ìyá wa Àíṣà, ìyàwó ẹ̀, ta kọ́tìnnì kan tó ní àwòrán, Ànábì ò fẹ́ ẹ, wọ́n gé e, wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí.

Kí nǹkan ẹni tó ti kú mú ọkàn èèyàn rọ̀ náà ò burú. Lẹ́yìn ogun Bádírì, ọkọ Zaynab ọmọ Ànábì wà lára àwọn tí wọ́n mú lójú ogun, Zaynab wá fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè tú u sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbà ọrùn kan sí i, èyí tí Khadijah ìyá ẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Khadijah ti kú láti ọdún mélòó kan nígbà yẹn o. Bí Ànábì ṣe fojú kan ẹ̀gbà yẹn báyìí, àánú ṣe é gan-an, ó ní táwọn sàhábà (àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀) bá gbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀ kí wọ́n sì dá nǹkan Zaynab padà fún un. Àbú Dáwúùdù ló gbà á wá nínú ìwé hádíìsì ẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀ rèé. Ẹ ní "aṣọ màmá mi". Kì í ṣe aṣọ màmá mọ́, kì í sì í ṣe tiyín, ogún ni, bí ilé bí owó. Tí gbèsè bá ti san, tí wàsíyà, ohun tí màmá ní kí wọ́n fún ẹlòmíì lẹ́yìn ikú òun, bá ti jáde (ìyẹn ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ), ohun tó kù, àtaṣọ àti bàtà, Sūratun-Nisāi nínú Àlùkùránì ti pín in. Ìyá àgbà ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ẹ̀yin ọmọ pín ìyókù, ọkùnrin kan gba ìpín obìnrin méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aṣọ 36 ni màmá ní, tówó wọn sì dọ́gba: ìyá àgbà mú 6, ẹ̀gbọ́n yín mú 10, àbíkẹ́yìn mú 10, ẹ̀yin 5, obìnrin kejì 5. Márùn-ún péré! Ẹ̀gbọ́n yín tó ní ká kó gbogbo ẹ̀ ṣe sàárà náà, nǹkan ẹlòmíì ló fẹ́ fi ṣàánú. Àwọn àgbà lè yọ̀ǹda tiwọn fún yín, ẹ lọ bi wọ́n, ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa sọ pé "ìyá àgbà ò ní bínú". Mo ti wà níbi tí wọ́n ti pín ilé pín mọ́tò wọ́ọ́rọ́wọ́, aago ọwọ́ kan ló da gbogbo ẹ̀ rú.

Ọmọ ọdún 9 yẹn ńkọ́? Òun ò lè yọ̀ǹda, kò tíì bàlágà, bó bá tiẹ̀ ní "ẹ máa mú un, àǹtí mi", ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò múlẹ̀ nínú èyí. Ọlọ́hun ní ẹni tó ń fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn, iná ló ń jẹ sínú. Torí náà ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ owó aṣọ dá iye lé ìpín ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ san owó ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Èyí tí màá sọ báyìí, ìmọ̀ràn tèmi ni: ẹ má gé àwọn tó ṣì dáa. Nígbà tí Àbúbákàrì, sàhábà Ànábì tó jẹ́ bàbá Àíṣà, ń kú lọ, aṣọ tó wà lára ẹ̀ ló ní kí wọ́n fọ̀ kí wọ́n fi méjì kún un fi sin òun, Àíṣà ní aṣọ yẹn ti gbó, bàbá ẹ̀ ní alààyè ló nílò tuntun ju òkú lọ. Èyí tẹ́lòmíì lè wọ̀ jáde, ẹ fi ṣe sàárà fún màmá, inú ẹ̀gbọ́n yín á dùn, kẹ́ ẹ wá gé àwọn tó ti ṣá, tí apá ẹ̀ ti já, híjáàbù tí wọ́n fi ń dáná tí epo ti ta sí. Àwọn yẹn gan-an ló jọ màmá jù, àbí?

Ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e, pàápàá èyí tí wọ́n wọ̀ nígbà àìsàn, torí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ orúkọ Ọlọ́hun sí, ẹ yọ ọ́ kúrò, kò yẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ní sílíìkì gidi, kí ọkùnrin má lò ó. Ẹ má sì tẹ fọ́tò màmá sí i.

Ẹ má wá sọ pé ẹni tórí ń fọ́ á dáa tó bá fi bora o. Lóòótọ́ Asmau, ẹ̀gbọ́n Àíṣà, ní jálábíà Ànábì lọ́wọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ wọ́n á fi omi ẹ̀ wá ìwòsàn fáwọn aláìsàn, Ànábì nìyẹn, àwọn sàhábà ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ Àbúbákàrì. Ẹkún ò burú, Ànábì sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ ẹ̀ kú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i pé alaalẹ́ tẹ́ ẹ bá ti bora lẹ ń sunkún dé ìdájí débi tí ìrun sùbúhì ń bọ́, ẹ kó o sínú àpótí fúngbà díẹ̀.

Kíkírun lórí ẹ̀, tó bá ti mọ́, ìrun yẹn dáa. Àmọ́ Ànábì fi aṣọ aláràbarà kan kírun rí, iṣẹ́ ara ẹ̀ fẹ́ gba ọkàn ẹ̀, bó ṣe kírun tán ló ní kí wọ́n dá a padà fún Àbú Jahmi tó fún un, kí wọ́n bá òun gba èyí tí ò ní iṣẹ́ lára wá. Aláràbarà lásán nìyẹn o. Tiyín, gbogbo igun ẹ̀ ló máa rán yín létí ọjọ́ tí màmá wọ̀ ọ́. Ẹ máa fi bora, tí wọ́n bá ti pe ìrun kẹ́ ẹ ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.