Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìtàn Àròsọ Nípa Àwọn LGBT, Láti Orí Tábìlì Òǹkọ̀wé Dé Ọ̀dọ̀ Atẹ̀wé

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Èkìtì ló dá lórí iṣẹ́ ìtàn àròsọ, àti bí a ṣe lè kọ̀wé nípa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tí wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní LGBT, láì parọ́, láì sì kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà. A mú mẹ́rin nínú wọn. Ti akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀ gùn jù, nítorí ohun tó béèrè ló le jù.

Olùkọ́ kan, Ìkẹ́rẹ́: *Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń délé, àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀. Báwo ni àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń rí àyè?*

Olùkọ́ wa, wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ ni. Ẹ mú wákàtí kan, kó má sì yí padà. Fún ẹni tó ń lọ síléèwé láàárọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún ààbọ̀ ìdájí dára ju alẹ́ lọ, torí pé ó ti máa ń rẹ èèyàn lálẹ́, iná sì lè lọ. Ẹ máa lépa 500 ọ̀rọ̀ lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 2,500 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 24, ẹ ó ti ní 60,000, ó sì tó odidi ìwé ìtàn. Bó bá jẹ́ inú ìwé ajákọ lẹ ń kọ ọ́ sí, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé mẹ́ta, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ lè mọ iye tí ojú ìwé kan ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má ṣe tún ti àná kọ láàárọ̀ òní. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kú sí: orí kìíní á ti di àtúnkọ ìgbà mẹ́wàá, orí kejì ò sì tíì sí. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ kà, kí ẹ tẹ̀ síwájú. Kí ẹ sì máa dáwọ́ dúró níbi tí ẹ ṣì ti mọ ohun tó kàn. Ẹni tó bá kọ ọ́ títí tí kò fi ní nǹkan kan lọ́kàn mọ́ ni iṣẹ́ máa ń dúró mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ti àmì, ẹ máa fi àmì ìsàlẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ. Àmì ohùn lè dúró di àkọsílẹ̀ kejì. Tí ẹ bá parí ti àkọ́kọ́, ẹ gbé e tì fún oṣù kan gbáko, lẹ́yìn náà kí ẹ kà á sókè. Etí máa ń gbọ́ gbólóhùn tí kò gún, ojú a máa fò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yẹ́: *Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ìtàn tí mo ń kọ dá lórí télọ̀ kan ní Adó tó fẹ́ràn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọlọ́pàá á mú mi, pé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè kọ ọ́ kó jọ èèyàn gidi?*

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ẹni tó bá wọnú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọdún 10 ni ti ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó ń darí rẹ̀ tàbí tó ń kópa níbẹ̀, àti ti ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ì báà jẹ́ tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Ọdún 10 náà ni ti ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ ti ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nínú fún ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin.

Òfin 2014 kò dárúkọ ìtàn àròsọ níbì kankan, ẹ̀ka 39 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ọdún 2005 ni òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, Jude Dibia, ti gbé ìtàn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin jáde. Chinelo Okparanta gbé tirẹ̀ jáde ní 2015 nípa obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, ó sì mẹ́nu ba òfin náà ní ìparí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "fi hàn ní gbangba" yẹn gbòòrò, ẹni tó bá fẹ́ fi halẹ̀ mọ́ èèyàn lè fà á síbi tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kan ka ìwé náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, pàápàá ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ara rẹ̀.

Àwọn tí ẹ ó lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni ewu sún mọ́ jù yín lọ. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kítò: ẹnì kan á ṣe bí olólùfẹ́ lórí fóònù, á pe ọkùnrin wá sílé, àwọn jàǹdùkú á ti lúgọ síbẹ̀. Wọ́n á lù ú, wọ́n á bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á wá máa fi gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òfin tí a sọ tán yìí. Fún ìdí èyí, ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má kọ orúkọ. Lẹ́tà ábídí kan ṣoṣo ti tó dípò orúkọ. Ẹni tí ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni kó yan ibi tí ẹ ó ti pàdé. Nígbà tí ẹ bá wá ń kọ̀wé, ẹ yí ohun mẹ́ta padà pa pọ̀: ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti ipò rẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Yíyí orúkọ nìkan kò tó. Ní Èkìtì, tí ẹ bá ti sọ pé télọ̀ ni, pé àbíkẹ́yìn ni, pé ilé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n.

Ó ku bí yóò ṣe jọ èèyàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé òǹkọ̀wé kì í fún un ní nǹkan mìíràn láyé ju ìfẹ́ yìí lọ. Télọ̀ lẹ pè é. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ṣé ó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù? Èló ló ń gbà lórí bùbá àti ṣòkòtò? Oníbàárà wo ló gba aṣọ lọ tí kò sanwó? Kí ló ń ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ùdírókò, tí aṣọ ẹgbẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán? Òǹkàwé tó bá ti bá a ṣàníyàn aṣọ tí kò tíì parí yóò bá a ṣàníyàn ọkàn rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni ikú. Olólùfẹ́ á kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, bí ẹni pé adájọ́ ni òǹkọ̀wé. Tí ikú náà kò bá ti inú ìtàn jáde wá, ẹ yọ ọ́. Ẹ sì yọ àlàyé pé ìlú òyìnbó tàbí iléèwé onílé-gbígbé ló ti kọ́ ọ. Ẹ kì í ṣàlàyé ìdí tí ọkùnrin fi fẹ́ràn obìnrin, ẹ má ṣàlàyé èyí náà.

Bóyá ẹ ó ní láti kọ nípa orí òkè àdúrà, torí àwọn òbí kan ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: ọjọ́ mélòó ni ààwẹ̀, kí ni ìyá rẹ̀ gbé dání, orí kí ni ọmọ náà sùn. Ẹ má fi wòlíì ṣẹlẹ́yà. Wòlíì tó gbà tọkàntọkàn pé òun ń ran ọmọ lọ́wọ́ ń ba òǹkàwé lẹ́rù ju òpùrọ́ lọ.

Ní ti ìtẹ́wọ́gbà, ẹ jẹ́ kó hàn lọ́wọ́ kó tó hàn lẹ́nu. Ìyá Èkìtì tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ní "mo gbà ọ́ bí o ṣe rí" ń sọ̀rọ̀ inú fíìmù òkèèrè. Ẹ gbé e sídìí odó. Ní orí kìíní, ó ń gún iyán, ọmọ mú ọ̀rẹ́ náà wálé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá bu ti àlejò sínú ike tí wọ́n gbà níbi ìnáwó, tó bu ti àwọn ará ilé sínú àwo tánganran, ó ti hàn níbi tọ́kàn rẹ̀ wà. Nígbà tó bá wá di orí kẹsàn-án, tó bu iyán àwọn méjèèjì sínú àwo tánganran kan náà, tó fi ẹran méjì sí ọbẹ̀, tó ní kí wọ́n tètè wá jẹun kí iyán má baà tutù, kò sí ohun tó tún kù tó fẹ́ sọ. Ẹ má kánjú dé orí kẹsàn-án yẹn o. Orí méje tó wà láàárín, tí ìyá náà ń bínú, tó ń sunkún, tó ń fi oúnjẹ pamọ́ fún ọmọ náà síbẹ̀, ni ìwé yín.

Nínú èdè wa, "ó" kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Àwọn òǹkọ̀wé kan ń fi èyí bò ó mọ́lẹ̀ títí dé ojú ìwé ìkẹyìn pé ọkùnrin ni olólùfẹ́ náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ṣe ló ń sọ èèyàn di àlọ́ àpamọ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti ń sọ̀rọ̀, "ó" lè pọ̀ débi tí òǹkàwé ò ní mọ ẹni tó ń ṣe kí ni mọ́. Ẹ jẹ́ kí "òun" ṣiṣẹ́ rẹ̀: "ó ní òun ò lọ" ti sọ ẹni tí kò lọ. Kí ẹ sì dá orúkọ padà lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta mẹ́ta. Èébú bí "adódìí" lè jáde lẹ́nu ẹ̀dá ìtàn tó ń bínú, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu asọ̀tàn.

Bàbá kan, Ìjerò: *Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìtàn tí ọmọbìnrin mi ń kọ nínú kọ̀ǹpútà ilé. Obìnrin méjì ló ń fẹ́ra wọn nínú rẹ̀. Ṣé ara rẹ̀ ló ń kọ? Ṣé kí n bi í?*

Bàbá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìtàn náà ò lè sọ fún yín. Ẹni tó kọ̀wé nípa apànìyàn kò tíì pànìyàn, òǹkọ̀wé a sì máa gbé inú ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ má bi í bóyá òun ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ ti kà á, kí ẹ ní kó má bínú pé ẹ ò gbàṣẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í nípa ìtàn: kí ló dé tí bàbá inú rẹ̀ kò sọ̀rọ̀? Kí ni obìnrin kejì ń bẹ̀rù? Tí ó bá ní nǹkan mìíràn láti sọ, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un.

Bó bá wá sọ pé òun ni, ọ̀rọ̀ náà ti di àṣírí tí ẹ ní láti bò. Ẹ má pe ìpàdé ẹbí, ẹ má gba fóònù rẹ̀, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹnì kan níbẹ̀ lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi gbowó. Àìsàn kọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń to àìsàn sí láti ọdún 1990. Ẹ má sì kánjú wá ọkọ fún un, nítorí èèyàn méjì ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń bà láyé jẹ́, ọmọ yín àti ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọ nǹkan kan. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá tó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ lásìkò yìí ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ ewu púpọ̀, bí kò bá tilẹ̀ tíì lóye ohun gbogbo.

Òǹkọ̀wé kan, Adó: *Ẹ kú iṣẹ́ o. Atẹ̀wé kan kọ̀ láti tẹ ìwé mi nígbà tó rí i pé ó kan ọ̀rọ̀ LGBT. Èkejì gbà á, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà ìdánwò, àmì orí ẹ́ àti ọ́ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan tiẹ̀ di àpótí kékeré. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ pẹ̀lẹ́. Lẹ́tà "á" ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, "ẹ́" kò ní. "Ẹ" ni, àmì ohùn wá tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Font tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí nìkan ló ń tò ó dáadáa. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń ṣe é. Bó bá jẹ́ InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìwé, ni atẹ̀wé ń lò, kó yí Paragraph Composer sí World-Ready. Kó tẹ "ọ̀rẹ́", "ẹ̀ṣẹ̀" àti "Ọ̀ṣọ́" fún yín wò ní lẹ́tà lásán, ní èyí tó dúdú àti èyí tó dẹ̀gbẹ́, torí inú méjì ìkẹyìn yìí ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. Bí lẹ́tà bá jẹ́ póíǹtì 11, ẹ jẹ́ kí ìdí ìlà kan sí ìdí èkejì jẹ́ póíǹtì 14 tàbí 15, kí ìlà òkè má baà gé orí àmì àwọn lẹ́tà ńlá. Tí ẹ bá ti kọ apá kan lórí fóònù, apá kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan náà lè yàtọ̀ nínú lọ́hùn-ún, tí ẹ bá wá a ẹ ò ní rí i. Ẹ ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí lẹ́tà kan náà ní kóòdù kan náà níbi gbogbo, kí wọ́n tó tò ó.

Ojú ìwé 256 sàn fún àpò yín ju 260 lọ, nítorí ojú ìwé mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sábà ń ká bébà sí. Tí ìwé bá jáde, ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí National Library láàárín oṣù kan. Àwọn náà ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀.

Ní ti ẹni tó kọ̀, ẹ má bá a jà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa sọ ohun tó wà nínú ìwé kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó ti mọ̀ ọ́n, pé bó bá yíhùn padà yóò dá gbogbo owó yín padà, yóò sì pa ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́ lójú yín.