Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ọta Wúwo Ò Bá Gbogbo Ráífù Mu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé, ìdílé ọdẹ ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ra ráífù .223 (orúkọ irú ọta tó ń lò nìyẹn) kan tó ti pẹ́ díẹ̀, ó fi ọta 55 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) yìn ín ní pápá ìyìnbọn, gbogbo ihò ẹ̀ ṣù jọ sójú kan. Ló bá lọ ra 77 grain, torí wọ́n ní ọta tó wúwo ni atẹ́gùn ò lè máa gbé kiri. Ọ̀rọ̀ bá yíwọ́: ọta ń fẹ̀gbẹ́ wọ bébà, òmíràn ò tiẹ̀ kan bébà rárá. Ṣé ìbọn yẹn ti bàjẹ́ ni, àbí wọ́n lù wọ́n ní jìbìtì? Ọmọ Ọdẹ, Ìkọ̀lé.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ọdẹ, ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín. Ìbọn ò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì lù wọ́n ní jìbìtì, ọta tí wọ́n rà ni kò bá ọ̀pá ìbọn yẹn mu.

Inú ọ̀pá ráífù kì í dán bọ̀rọ́, wọ́n gbẹ́ ilà sí i, ilà yẹn sì ń yípo bó ṣe ń lọ síwájú, òun ló ń mú kí ọta máa pòòyì jáde lẹ́nu ìbọn. Òkòtó tá a máa ń ta ní kékeré, tó bá ń yí dáadáa á nàró, tó bá ti lọ́ra á máa mì, á ṣubú, bí ọta náà ṣe rí nìyẹn. Ibi tí ilà náà máa rìn dé kó tó yí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń pè ní twist rate. 1:12 ni pé ó yí ẹ̀ẹ̀kan nínú ínǹṣì 12, 1:7 ni pé ínǹṣì 7 péré ti tó o, torí náà nọ́ńbà tó kéré ló ń yí kíákíá. Ọta tó bá ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan látinú ìbọn 1:9, ìgbà 240,000 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé o. Wọ́n rò pé ìwúwo ọta lọ̀rọ̀ wà, gígùn ẹ̀ ni. Ọta .223 ò lè fẹ̀ ju ihò ìbọn lọ, torí náà tí wọ́n bá fẹ́ kó wúwo sí i àfi kí wọ́n fà á gùn, èyí tó bá sì gùn ló ń fẹ́ yí kíákíá kó tó lè dúró. Ìdí nìyẹn tí ọta tí wọ́n fi kọ́pà nìkan ṣe, tí ò lójé nínú, fi ń fẹ́ twist tó yá ju olójé lọ bí ìwúwo wọn tiẹ̀ dọ́gba, torí òun ló gùn jù.

George Greenhill, onímọ̀ ìṣirò kan, ti ṣe ìṣirò ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1879, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ẹ mú bí ọta ṣe fẹ̀ ní ínǹṣì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, ẹ fi 180 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ọta tó yára báyìí (150 ni fún èyí tó lọ́ra), kẹ́ ẹ wá fi gígùn ọta pín in. Ínǹṣì 0.224 ni ọta .223 fẹ̀ gan-an, 0.224 lọ́nà 0.224 lọ́nà 180 sì máa tó 9. Ọta 55 grain gùn tó ínǹṣì 0.75, ẹ pín in, 12 lẹ ó rí, ìyẹn 1:12. Ọta 77 grain fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ínǹṣì 1, 9 lẹ ó rí, ìyẹn 1:9. Ọ̀pọ̀ ráífù .223 àtijọ́ sì rèé, 1:12 ni wọ́n, ó jọ pé irú ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín rà.

Òtútù ibẹ̀ náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́, torí atẹ́gùn tó tutù máa ń ki, ọta á sì ní láti yí kíákíá sí i kó tó lè dúró. AR-15, ráífù Amẹ́ríkà kan tó ń lo irú ọta yìí, 1:14 ni ti àkọ́kọ́, nígbà tí òtútù líle dé ọta ẹ̀ ò dúró mọ́, wọ́n bá yí i sí 1:12 ní 1963.

Kí ẹ̀gbọ́n yín wo ara ọ̀pá ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ .223 sí, wọ́n sábà máa ń kọ twist síbẹ̀. Tí ò bá sí, kí wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta kankan nínú ìbọn, kí wọ́n wé aṣọ tó fún dáadáa mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu ìbọn, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ lè yí, kí wọ́n tì í wọlé láti ẹnu ìbọn, kí wọ́n fi máàkà fa àmì kan sórí ẹ̀, kí wọ́n lẹ sẹ́ló mọ́ ọn lẹ́nu ìbọn gan-an, kí wọ́n wá máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí àmì yẹn á fi yí po kó padà sókè. Láti ẹnu ìbọn dé ibi tí sẹ́ló wà, iye ínǹṣì yẹn ni twist wọn.

Tó bá jẹ́ 1:12, kí wọ́n má kọjá 55 grain. 1:9 máa ń gba tó 69 (bí ìṣirò tiẹ̀ fún 77 ní 9, bèbè ló wà, kò fi àyè sílẹ̀), 1:8 àti 1:7 lè gbé 77 dáadáa. Ẹ máà gbà pé eré ni o: ọta tó ń ta kìtì lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa bọ́ sí, ẹran á fara gbọgbẹ́ á sá wọgbó lọ kú, ó sì lè ba èèyàn lóko.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ṣakabùlà bàbá mi náà ní twist? Mo fẹ́ kó máa lọ jìnnà. Láti Ìjerò.

ÌDÁHÙN: Kò ní o. Inú ẹ̀ dán bọ̀rọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká. Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á bá yín gbẹ́ ilà sí i o, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ẹtù kún ẹtù kó lè lọ jìnnà, ọ̀pá ẹ̀ lè bẹ́ mọ́ yín lójú. Ẹ sún mọ́ ẹran kẹ́ ẹ tó yìn ín, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìwé àṣẹ ìbọn yẹn wà lọ́wọ́.